Ìka Tó Ṣẹ̀ Ni Ọba Ń Gé: Fífi Ìmọ̀ Ètò Ọrọ̀ Ajé Wo Òfin

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní: "Ìka tó ṣẹ̀ ni ọba ń gé." Ìtumọ̀ rẹ̀ kò fara sin: ẹni tó jẹ̀bi ni ìyà tọ́ sí. Ọ̀pọ̀ wa rò pé iṣẹ́ òfin kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ kan wà ní yunifásítì tó ń béèrè pé: bí a bá gé ìka yìí lónìí, kí ni àwọn ìka yòókù yóò máa ṣe lọ́la? Òun ni fífi ìmọ̀ ètò ọrọ̀ ajé wo òfin. Akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ kan fẹ́ lọ kọ́ ọ, bàbá rẹ̀ sì bi mí bóyá ọmọ náà fẹ́ máa fi òfin ṣòwò ni. Ẹ jẹ́ kí á jọ yẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹjọ́ odó àti dókítà

Ronald Coase, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wà lára àwọn tó fi ìpìlẹ̀ ẹ̀kọ́ yìí lélẹ̀. Ní 1960, ó kọ àpilẹ̀kọ kan tó fi tún ẹjọ́ kan tí wọ́n dá ní 1879 yẹ̀ wò. Ní Lọ́ńdọ̀nù, ọkùnrin kan tó ń ṣe àdídùn tà ti ń lo odó nílé ìdáná rẹ̀ fún ohun tó lé ní 20 ọdún. Dókítà kan kó dé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn ọdún 8, dókítà kọ́ yàrá ìtọ́jú mọ́ ògiri ilé ìdáná náà, ariwo odó kò sì jẹ́ kó ríṣẹ́ ṣe. Ó pè é lẹ́jọ́, ó sì jàre.

Coase ní bí odó bá ń dún, dókítà ń pàdánù. Bí odó bá dákẹ́, alàdídùn ń pàdánù. Ẹ rántí pé "Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni." Ó ní bí dúnàádúrà kò bá ná àwọn méjèèjì ní nǹkan kan, ẹnikẹ́ni tí kóòtù ìbáà dá láre, ọwọ́ ẹni tí ibẹ̀ wúlò fún jù ni ẹ̀tọ́ náà yóò wà nígbẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n dúnàádúrà a máa gba owó àti àkókò, a kì í sì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Ìdí nìyẹn tí ibi tí òfin gbé ẹ̀tọ́ sí fi ṣe pàtàkì. Coase gba ẹ̀bùn Nobel ní 1991.

Ìṣirò àìbìkítà

Ní 1947, adájọ́ Learned Hand ní Amẹ́ríkà dá ẹjọ́ ọkọ̀ akẹ́rù ojú omi kan tó rì ní èbúté New York nígbà tí olùṣọ́ rẹ̀ kò sí nínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n fi kànga ṣàlàyé ìṣirò rẹ̀. Ká ní ewúrẹ́ 100,000 náírà lè já sínú kànga yín lẹ́ẹ̀kan láàárín ọdún 10. Àdánù ọdún kan jẹ́ 10,000 náírà. Bí ìdérí tí yóò lo ọdún kan bá jẹ́ 6,000 náírà, tí ẹ kò sì rà á, ẹ̀yin lẹ jẹ̀bi.

Irú ìrònú yìí ló wà nínú ìwé Richard Posner, Economic Analysis of Law, tó jáde ní 1973. Gary Becker náà ti kọ̀wé ní 1968 pé kì í ṣe bí ìyà ṣe tó nìkan ni ọ̀daràn ń rò, ó ń rò bóyá ọwọ́ lè tẹ òun. Nítorí náà, akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fẹ́ kọ́ ẹ̀kọ́ yìí kò gbọdọ̀ sá fún ìṣirò, kò sì gbọdọ̀ sú u láti ka ìdájọ́.

Ibi tí ìwọ̀n kò dé

Bí ó bá jẹ́ ọmọ ènìyàn ló já sínú kànga ńkọ́? Ta ni yóò dá iye lé e? Bákan náà, bí a bá ń wo ẹni tó lè san jù, tálákà yóò máa pàdánù. Owó ni kò ní. Kì í ṣe pé ẹ̀tọ́ náà kò níye lórí lójú rẹ̀. Guido Calabresi, aṣáájú mìíràn nínú ẹ̀kọ́ yìí, sọ nínú ìwé rẹ̀ lórí ìjàǹbá, ní 1970, pé ètò tó bá tako ìdájọ́ òdodo kò ṣe é gbà, bó ti wù kó dín ìnáwó kù tó.

Mo sọ fún bàbá náà pé ọmọ rẹ̀ kò lọ kọ́ bí a ṣe ń ta òfin. Ohun tí òfin tí kò dára ń ná wa ló ń lọ kọ́. Kó mú ìṣirò lọ́wọ́ kan, kó mú òwe bàbá rẹ̀ lọ́wọ́ kejì.