Ìgbé-ayé Ẹni Tó Ní Àrùn Parkinson Lẹ́yìn Iṣẹ́ Abẹ Ọpọlọ

Ọ̀pọ̀ ẹbí ló rò pé, ní kété tí wọ́n bá ti ṣe iṣẹ́ abẹ ọpọlọ fún ẹni tí àrùn Parkinson ń bá jà, àìsàn náà ti lọ nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀, èrò náà sì lè ṣe ìpalára. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ la ọ̀rọ̀ yìí yé ẹ̀yin ará wa.

Àrùn yìí ń wáyé nígbà tí àwọn sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ tó ń pèsè èròjà dopamine bá ń kú díẹ̀díẹ̀. Ọwọ́ á máa gbọ̀n, ara á le, ìrìn á sì falẹ̀. Ní ọdún 1987, ní ìlú Grenoble ní ilẹ̀ Faransé, Ọ̀jọ̀gbọ́n Alim-Louis Benabid àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí i pé iná mànàmáná díẹ̀ tó bá dé ibi kan nínú ọpọlọ láìdáwọ́dúró lè mú kí gbígbọ̀n náà rọlẹ̀. Lónìí, oníṣẹ́ abẹ á ki wáyà tín-ín-rín bọ inú ọpọlọ, wáyà náà á sì gba abẹ́ awọ ọrùn lọ bá ẹ̀rọ oníbátìrì kékeré tó wà lábẹ́ awọ àyà.

Bí ojú abẹ bá jinná tán, iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Ó lè gba oṣù mélòó kan kí dókítà tó rí ìwọ̀n iná tó bá aláìsàn lára mu. A máa ń dín oògùn ọ̀pọ̀ wọn kù, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe dá a dúró fúnra rẹ̀, ó léwu. Ohùn tó ti rẹlẹ̀ àti ẹsẹ̀ tí kò dúró dáadáa lè má yí padà, ohùn ẹlòmíràn tilẹ̀ lè túbọ̀ wúwo. Bí bàbá bá ń sọ̀rọ̀ tí a kò gbọ́, ẹ sún mọ́ wọn. Ẹ má ṣe bá wọn dáhùn.

Ọ̀rọ̀ bátìrì ni a rọ ẹbí pé kí wọ́n bá dókítà sọ kí wọ́n tó gbà fún iṣẹ́ abẹ rárá. Èyí tí a kì í gba iná sí sábà máa ń lò tó ọdún 3 sí 5, lẹ́yìn náà a ó tún abẹ ṣe láti pààrọ̀ rẹ̀, owó á sì tún jáde. Èyí tí a ń gba iná sí máa ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ẹni tó bá yàn án gbọ́dọ̀ ní ètò fún ọjọ́ tí iná kò bá sí. Bí ẹ̀rọ náà bá dédé dákẹ́, tí ara sì padà le gan-an, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ lójú ẹsẹ̀.

Ìkìlọ̀ kan kù fún àwọn ará etí òkun àti ọ̀sà. Ní ọdún 2019, àwọn dókítà ní ìlú Zurich ròyìn àwọn aláìsàn tó mọ omi wẹ̀ dáadáa tẹ́lẹ̀, tí wọn kò lè wẹ̀ ẹ́ mọ́ lẹ́yìn tí a fi ẹ̀rọ yìí sí wọn lára, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìrìn wọn ti sàn sí i. Nítorí náà, kí aláìsàn má ṣe dá nìkan wọ omi, bí ó ti wù kí ó mọ̀ ọ́n wẹ̀ tó tẹ́lẹ̀.