Ohun tí Gbòǹgbò Àlùbọ́sà Kọ́ Wa nípa Àwọn Ìbejì

Ẹ̀yin ìyá àti ẹ̀yin bàbá wa, ta ni kò mọ̀ pé Igbó-Ọrà ní ilẹ̀ Ìbàràpá ni ìlú ìbejì? Nígbà tí Dókítà Patrick Nylander ń ṣe ìwádìí láàrin ọdún 1972 sí 1982, ó rí i pé nínú ìbímọ 1,000 ní ilẹ̀ Yorùbá, bí 45 sí 50 ni ìbejì. Ṣùgbọ́n kí ló dé tí àwọn ìbejì kan jọra bí ẹni tó wo dígí, tí àwọn mìíràn kò jọra rárá? Ọ̀rọ̀ yìí ti mú kí ẹlẹ́nu gbọọrọ sọ ohun tí kò yẹ sí ìyá ọmọ. Ẹ jẹ́ kí a wá ìdáhùn rẹ̀ lọ sí yàrá ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì.

Àlùbọ́sà ni wọ́n fi ń kọ́ ọ. A ó gbé e lé ẹnu ife omi, kí ìdí rẹ̀ kan omi. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, gbòǹgbò yóò yọ. Olùkọ́ yóò gé ṣóńṣó orí rẹ̀, níbi tó ti ń dàgbà, yóò rẹ ẹ́ sínú oògùn tí ń dá iṣẹ́ rẹ̀ dúró, yóò fi ásíìdì rọ̀ ọ́, yóò pa á láró, yóò tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ sáàárín gíláàsì méjì. Ásíìdì a máa jó ni o: kí ẹnikẹ́ni má dán an wò ní ilé ìdáná.

Nínú awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá, a ó rí àwọn yàrá kéékèèké. Sẹ́ẹ̀lì ni orúkọ wọn. Nínú sẹ́ẹ̀lì àlùbọ́sà, okùn 16 ló wà, àwọn ló ru àbùdá àjogúnbá. Ti ènìyàn jẹ́ 46. Kí sẹ́ẹ̀lì tó pín, okùn kọ̀ọ̀kan ti ṣe ẹ̀dà ara rẹ̀. Ní ìpele kìíní, prophase, àwọn okùn yóò kúrú, wọn yóò sì ki. Ní metaphase, wọn yóò tò sí àárín. Ní anaphase, okùn àti ẹ̀dà rẹ̀ yóò pínyà, ọ̀kan sí òkè, ọ̀kan sí ìsàlẹ̀. Ní telophase, ògiri yóò dìde láàárín wọn. Ọ̀kan ti di méjì, 16 ló sì wà lọ́wọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. A kò rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ. Ọ̀gbẹ́ni Walther Flemming ará Jámánì ló ṣàlàyé iṣẹ́ yìí nínú ìwé rẹ̀ ní ọdún 1882.

Àwọn ọmọ iléèwé a máa dúró kí ọ̀kan mira. Kò ní mira, nítorí ó ti kú. Bí fọ́tò ọjà ni: ẹnì kan ń nájà, ẹnì kan ń ka ṣéńjì. Èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀ ni àwọn tí kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í pín, nítorí ìmúrasílẹ̀ ló ń gba àkókò jù.

Ó kan ìbejì báyìí. Láti inú sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo ni gbogbo wa ti bẹ̀rẹ̀: ìdajì láti ọ̀dọ̀ bàbá, ìdajì láti ọ̀dọ̀ ìyá. Ó di méjì, ó di mẹ́rin. Nígbà mìíràn, ìṣù kékeré yẹn a là sí méjì, okùn 46 a sì pé sí ọwọ́ apá kọ̀ọ̀kan. Àwọn ni ìbejì ajọra, ọkùnrin méjì tàbí obìnrin méjì. Ṣùgbọ́n iye wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba káàkiri ayé, bí 4 nínú ìbímọ 1,000. Èyí tí Igbó-Ọrà fi ta wọ́n yọ ni irú kejì: ẹyin méjì ló jáde lára ìyá lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì gba irú tirẹ̀. Ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ni wọ́n, inú oyún kan náà ni wọ́n kàn jọ gbé. Àwọn ènìyàn ń sọ pé ọbẹ̀ ewé ilá ló fà á, ṣùgbọ́n kò tíì sí ẹ̀rí tó dájú.

Nítorí náà, bí Táíwò bá dúdú tí Kẹ́hìndé sì pupa, kí ẹnikẹ́ni má fi ẹnu ba ìyá wọn jẹ́. Bí ọmọbìnrin yín bá sì ní olùkọ́ ní kí àwọn mú àlùbọ́sà kan wá, ẹ má sọ pé ti ọbẹ̀ ni. Ẹ fún un.