Ṣé kíkọ́ ìjà máa ń sọ ọmọ di oníjàgídíjàgan? Ohun tí ìrírí Abidjan àti ìwádìí fi hàn lórí taekwondo

Ìṣẹ́jú àáyá kan péré ló kù kí ìjà parí ní Rio de Janeiro, ní oṣù Kẹjọ ọdún 2016. Cheick Sallah Cissé láti Côte d'Ivoire àti Lutalo Muhammad láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ń du àmì ẹ̀yẹ wúrà taekwondo nínú ìdíje Olympics. Muhammad ló ń léwájú pẹ̀lú àmì 6 sí 4.

Cissé yí po, ó sì ta ẹsẹ̀ sí orí alátakò rẹ̀. Àmì mẹ́rin nìyẹn. Ìjà parí sí 8 sí 6, Côte d'Ivoire sì gba wúrà Olympics àkọ́kọ́ nínú ìtàn rẹ̀. Lọ́jọ́ kan náà, Ruth Gbagbi gba àmì ẹ̀yẹ idẹ fún orílẹ̀-èdè náà nínú eré yìí kan náà.

Láti ìgbà náà, òkìkí taekwondo túbọ̀ kàn ní Abidjan. Àmọ́ ìbéèrè kan wà tí ọ̀pọ̀ òbí máa ń bi ara wọn, yálà ní Abidjan, ní Cotonou tàbí ní Ìbàdàn: bí mo bá fi ọmọ mi síbi tí wọ́n ti ń kọ́ ìjà, ṣé kò ní í máa lu ọmọ ọlọ́mọ kiri?

Báwo ni taekwondo ṣe dé Côte d'Ivoire?

Olùkọ́ kan láti Gúúsù Korea, Kim Young Tae, ló mú eré náà wọ Côte d'Ivoire ní òpin àwọn ọdún 1960. Lónìí, bí a bá yọ bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ kúrò, taekwondo wà lára àwọn eré ìdárayá tó gbajúmọ̀ jùlọ níbẹ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2017, Abidjan ló gba àlejò àṣekágbá ìdíje Grand Prix àgbáyé ti eré náà.

Àwọn ọmọ Yorùbá tó ń gbé ìlú náà, tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní Anango, kò ṣàjèjì sí irú eré bẹ́ẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn ló wá láti Ẹ̀jìgbò ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, wọ́n sì mọ̀ pé ìjàkadì ti wà nílẹ̀ Yorùbá kí taekwondo tó dé. Nínú ìjàkadì, bí ẹ̀yìn ẹnìkan bá ti kanlẹ̀, ìjà ti parí nìyẹn. Kò sẹ́ni tó ń lu ẹni tó ti ṣubú.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré lásán ní Abidjan. Lẹ́yìn rògbòdìyàn ìdìbò ọdún 2010 sí 2011, àwọn ọmọ kéékèèké tí wọ́n ń pè ní "microbes" bẹ̀rẹ̀ sí í fi àdá àti ọ̀bẹ kọlu àwọn ènìyàn, pàápàá ní Abobo. Òbí tó bá ti rí irú èyí kò ní fẹ́ ohun tó máa da epo sí iná.

Kí ni ìwádìí sọ?

Ní ọdún 1986, Michael Trulson, onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà, gbé èsì ìwádìí kan jáde lórí àwọn ọ̀dọ́kùnrin tí ìwà wọn ti ń yà sí ti ọmọ ìta. Ó pín wọn sí ọ̀nà mẹ́ta fún oṣù mẹ́fà:

• Àwọn àkọ́kọ́ kọ́ taekwondo bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọ látìbẹ̀rẹ̀: ìtẹríba, àṣàrò, ẹ̀kọ́ ìwà, lẹ́yìn náà ìjà.
• Àwọn ìkejì kọ́ ìjà nìkan, láìsí ẹ̀kọ́ ìwà.
• Àwọn ìkẹta ń sáré, wọ́n sì ń gbá bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí oṣù mẹ́fà pé, ìfẹ́ ìjà ti dínkù lára àwọn àkọ́kọ́, ọkàn wọn balẹ̀ sí i, ìgboyà wọn sì pọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n àwọn tó kọ́ ìjà nìkan burú ju bí wọ́n ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ.

Ní ọdún 2004, ìwádìí mìíràn ní Amẹ́ríkà tí Kimberley Lakes àti William Hoyt ṣe wo àwọn ọmọ iléèwé tó lé ní 200. Àwọn tó kọ́ taekwondo fún oṣù mẹ́ta mọ bí a ṣe ń kó ara ẹni ní ìjánu ju àwọn tó ṣe eré ìdárayá ti iléèwé lásán lọ.

Àmọ́ gbogbo èsì kọ́ ló dára bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2005, Inger Endresen àti Dan Olweus ní Norway rí i pé ìwà ipá ń pọ̀ sí i lára àwọn ọmọkùnrin tó ń kan ẹ̀ṣẹ́, tó ń ja ìjàkadì, tó ń gbé irin tàbí tó ń kọ́ ìjà ilẹ̀ Asia.

Ohun tí èyí túmọ̀ sí ni pé ìjà fúnra rẹ̀ kì í tún ìwà ṣe, kì í sì í bà á jẹ́. Ohun tí olùkọ́ fi kún un, àti irú ẹgbẹ́ tí ọmọ bá bá pàdé níbẹ̀, ló ń pinnu.

Ìgboyà, ìgbéraga àti ìbínú

Ìgboyà ló kọ́kọ́ máa ń yọjú. Ọmọ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú bẹ́líìtì funfun á máa gun òkè díẹ̀díẹ̀ títí dé dúdú. Ìdánwò kọ̀ọ̀kan tó bá yege jẹ́ ẹ̀rí fún un pé òun lè ṣe ohun tí òun kò lè ṣe lánàá. Ẹni tó bá sì mọ̀ pé òun lè gba ara òun là kì í sáábà ní ìdí láti fi ara hàn.

Ìgbéraga máa ń tẹ̀lé e, pàápàá nígbà tí ọmọ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ díẹ̀. Oògùn rẹ̀ ni kó máa bá àwọn tó mọ̀ jù ú lọ jà, kó ṣubú, kó dìde, kó sì tẹríba fún ẹni tó ṣẹ́gun rẹ̀. Cissé gan-an mọ èyí. Kò gba àmì ẹ̀yẹ kankan ní Tokyo lọ́dún 2021, lẹ́yìn gbogbo ariwo wúrà Rio. Ó padà di ọ̀gá àgbáyé ní Baku lọ́dún 2023, ó sì gba idẹ ní Paris lọ́dún 2024.

Ti ìbínú ló le jù. Ọ̀pọ̀ ló gbà pé bí èèyàn bá ń bínú, kó lu nǹkan kí inú rẹ̀ lè rọ̀. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2002, Brad Bushman ní Amẹ́ríkà fi hàn pé àwọn tó ń lu àpò àwọn akànṣẹ́, tí wọ́n sì ń ronú nípa ẹni tó ṣẹ̀ wọ́n, túbọ̀ ń bínú sí i ni. Lílù kọ́ ló ń pa ìbínú. Mímí dáadáa, títẹ̀lé òfin, àti dídúró nígbà tí adájọ́ bá ní kó dúró ló ń kọ́ ọmọ láti fi àyè sílẹ̀ láàárín ìbínú àti ọwọ́.

Ìtumọ̀ orúkọ eré náà ní èdè Korea bá èyí mu. "Tae" ni ẹsẹ̀, "kwon" ni ẹ̀ṣẹ́, "do" sì ni ọ̀nà. Ẹni tó bá kọ́ méjì àkọ́kọ́ láìkọ́ ìkẹta, ìdajì ẹ̀kọ́ ló gbà.

Kí ló yẹ kí òbí wò?

Kí ẹ tó forúkọ ọmọ yín sílẹ̀, ẹ lọ jókòó wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń ṣe é, ó kéré tán ẹ̀ẹ̀kan:

• Ṣé olùkọ́ máa ń bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀ nípa ìwà, tàbí bí wọ́n ṣe máa borí nìkan?
• Kí ló ń ṣe fún ọmọ tó bínú, tó sì lu ẹnìkejì lẹ́yìn tí wọ́n ti ní kó dúró?
• Ṣé àwọn àgbà ibẹ̀ máa ń ran àwọn kékeré lọ́wọ́, àbí wọ́n ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́?
• Bí ọmọ bá jà ní iléèwé, ṣé olùkọ́ náà fẹ́ gbọ́ sí i?

Bí ìdáhùn kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ wá ibòmíì. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́: alágbára má mèrò, baba ọ̀lẹ.