Àdúrà ni tàbí Ìbéèrè? Àlàyé lórí Ọ̀rọ̀ Ara Egungun Àwọn Ọba Shang ní Ilẹ̀ Ṣáínà

Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a fẹ́ ṣe àlàyé ní ṣókí lórí ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa ń fín sára egungun nígbà tí àwọn ọba ìdílé Shang bá ń wádìí ọ̀rọ̀ lọ́dọ̀ àwọn baba ńlá wọn. Ohun tí ó jẹ wá lógún ni irú gbólóhùn tí ọ̀rọ̀ náà jẹ́, nítorí pé òun ni ìtumọ̀ rẹ̀ dúró lé.

Ní 1899 ni Wang Yirong, ìjòyè kan tí ó jẹ́ ọ̀mọ̀wé, rí i pé ìwé àtijọ́ ni àmì tí ó wà lára irú egungun bẹ́ẹ̀. Ní 1928, ìwádìí inú ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Anyang, níbi tí olú-ìlú Shang wà. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n rí jẹ́ ti ayé Ọba Wu Ding, ní nǹkan bí 1200 ọdún kí a tó bí Jésù.

Egungun èjìká màlúù àti igbá ìjàpá ni wọ́n ń lò. Wọn a gbẹ́ kòtò kéékèèké sí ẹ̀yìn rẹ̀, wọn a fi iná kàn án títí yóò fi sán, a ó sì wo bí ó ti sán. Lẹ́yìn èyí ni wọn yóò fín ọ̀rọ̀ sí i. Bí ọ̀rọ̀ náà bá pé, ọ̀nà mẹ́rin ni ó pín sí: ọjọ́ àti orúkọ aláyẹ̀wò, ọ̀rọ̀ tí wọ́n gbé kalẹ̀, ohun tí ọba rí, àti ibi tí ó já sí. Òjò, ìkórè, ogun, àìsàn àti ẹbọ wà lára ohun tí wọ́n ń dá lé lórí.

Méjìméjì ni wọ́n sábà ń gbé ọ̀rọ̀ kalẹ̀: pé òjò yóò rọ̀, pé òjò kò ní rọ̀. Àwọn onímọ̀ kan kà wọ́n sí ìbéèrè. Ṣùgbọ́n David N. Keightley jiyàn pé gbólóhùn àlàyé ni wọ́n, nítorí pé ọ̀pọ̀ wọn kò ní wúnrẹ̀n ìbéèrè kankan. Ní 1974, Paul Serruys tún ṣe àkíyèsí pé bí wúnrẹ̀n *qi* bá wà nínú ọ̀kan ṣoṣo nínú méjèèjì, èyí tí ọba kò fẹ́ ni ó sábà máa ń wà. A ó rí i pé ìfẹ́ ọba ti hàn nínú gírámà.

Ṣé àdúrà wá ni? Ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀rọ̀ nípa oyún Fu Hao, olorì Wu Ding. Wọ́n gbé e kalẹ̀ pé ìbímọ náà yóò dára. Ọba sì dárúkọ ọjọ́ tí yóò jẹ́ ọjọ́ ire. Lẹ́yìn ọjọ́ 31, olorì bímọ. Wọ́n fín in síbẹ̀ pé kò dára, nítorí pé obìnrin ni ọmọ náà. Àdúrà nìkan kọ́ nìyí. Àkọsílẹ̀ ìjọba ni pẹ̀lú, tí ó ń pa ìfẹ́ ọba mọ́ pọ̀ mọ́ àbọ̀ rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ aáyan ògbufọ̀ wà níhìn-ín. Bí a bá fi *ǹjẹ́* kún un, a ti sọ ọba di ẹni tí ń béèrè. Bí a bá fi *jọ̀wọ́* kún un, a ti sọ ọ́ di ẹni tí ń bẹ̀bẹ̀. Ìmọ̀ràn wa ni pé kí a tú gbólóhùn náà bí ó ti wà, kí a sì fi àlàyé sí abẹ́ rẹ̀.