Bí wọ́n ṣe ń mọ ọjọ́ orí àáké tí wọ́n hú nínú ilẹ̀

Ní ọdún 2018, àwọn awalẹ̀pìtàn ń yẹ ilẹ̀ kan wò ní Rainham, lápá ìlà-oòrùn London, níbi tí wọ́n ti fẹ́ máa wa òkúta wẹ́wẹ́. Kòtò mẹ́rin ni wọ́n bá níbẹ̀, ohun èlò idẹ 453 ló sì wà nínú wọn: àáké, ọ̀kọ̀, ọ̀bẹ, àjákù idà, àti idẹ tí wọn kò tíì fi rọ nǹkankan. Púpọ̀ nínú wọn ni wọ́n ti ṣẹ́ tàbí bà jẹ́ kí wọ́n tó rì wọ́n mọ́lẹ̀. Àwọn onímọ̀ ní láàárín ọdún 900 sí 800 ṣáájú ìbí Jésù ni wọ́n sin wọ́n. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé London pàtẹ wọn ní ọdún 2020.

Àwọn tó sin nǹkan wọ̀nyí kò mọ̀wé kọ. Wọn kò fi orúkọ sílẹ̀, wọn kò fi ọjọ́ sílẹ̀. Ibo wá ni 900 sí 800 ti wá?

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ẹ̀rọ kan wà tí a lè gbé àáké idẹ sí, kí ó pe ọjọ́ orí rẹ̀ fún wa. Kò sí irú rẹ̀ fún idẹ. Ẹ̀rọ tó wà lè sọ ohun tó wà nínú idẹ náà: bàbà ló máa ń pọ̀ jù, bí ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá, tánganran ni ìyókù, nígbà mìíràn òjé díẹ̀. Bí wọ́n bá sì yẹ òjé inú rẹ̀ wò fínnífínní, wọ́n lè fura sí agbègbè tí wọ́n ti wa á. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí alágbẹ̀dẹ da idẹ yẹn kò sí lára idẹ fúnra rẹ̀.

Ìrísí ni wọ́n kọ́kọ́ ń wò. Ní ọdún 1885, Oscar Montelius, ọmọ ilẹ̀ Sweden, tẹ ìwé kan jáde tó fi to àwọn ohun èlò idẹ, pàápàá ti Scandinavia, tẹ̀lé ara wọn. Àáké pẹlẹbẹ ló ṣáájú. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbé etí rẹ̀ sókè kí ó lè di igi mú. Nígbà tó pẹ́, wọ́n ń da èyí tí ìdí rẹ̀ ní ihò, tí èèkù igi ń wọ inú rẹ̀, tó sì ní òrùka kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí okùn ń gbà kọjá. Irú èyí tó gbẹ̀yìn yìí ló wà ní Rainham. Ìyá àgbà tó bá wo fọ́tò ẹbí lè sọ ọdún tí wọ́n yà á láti ara bí wọ́n ṣe rán bùbá àti bí wọ́n ṣe wé gèlè, kódà bí kò bá mọ ẹnì kankan nínú rẹ̀. Ohun tí awalẹ̀pìtàn ń fi àáké ṣe kò yàtọ̀ sí ìyẹn.

Àmọ́ ìrísí nìkan kò tó. Ẹ̀rí tó máa ń fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni igi. Nígbà mìíràn, ègé èèkù tí kò jẹrà tán ṣì máa ń wà nínú ihò ìdí àáké. Ohunkóhun tó bá ti wà láàyè rí ní kábọ́ọ̀nù kan nínú tó máa ń dín kù láti ọjọ́ tó bá ti kú, tí ìdajì rẹ̀ sì ń lọ láàárín nǹkan bí ọdún 5,730. Willard Libby ní Amẹ́ríkà ló gbé ọ̀nà yìí jáde ní ọdún 1949, ó sì gba ẹ̀bùn Nobel lórí rẹ̀ ní 1960. Bí àáké ogún bá wà nínú kòtò kan, tí ọ̀kan péré sì ní igi nínú, igi kan yẹn lè jẹ́rìí fún gbogbo wọn, torí pé papọ̀ ni wọ́n sin wọ́n. Ẹni tó bá pín wọn káàkiri ti ba ẹ̀rí náà jẹ́.

Ní ọdún 2024, ẹnì kan fi àáké idẹ méjì ránṣẹ́ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìjọba Ireland nínú páálí, láìkọ orúkọ rẹ̀. Ìrísí wọn fi hàn pé ọdún 2150 sí 2000 ṣáájú ìbí Jésù ni wọ́n ti wá. Síbẹ̀, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé náà ń bẹ ẹni tó fi wọ́n ránṣẹ́ pé kí ó jọ̀wọ́ jáde wá, kí ó fi ojú ibi tó ti rí wọn hàn. Nígbà tó yá, àgbẹ̀ kan ní Westmeath jáde wá pé òun lòun rí wọn.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa náà, ó kan àwọn àgbẹ̀ Ìmínì, Fìdítì àti Ìlọrà ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Àáké idẹ ayé àtijọ́ irú ti Rainham kò sí nínú ilẹ̀ wa, nítorí àwọn baba ńlá wa kò ní sáà idẹ. Òkúta ni wọ́n lò, irin ló sì tẹ̀ lé e. Ní Taruga, ní àárín gbùngbùn Nàìjíríà, wọ́n ti ń yọ́ irin ní bí ọdún 2,400 sẹ́yìn. Idẹ dé lẹ́yìn náà. Ohun tí àgbẹ̀ wa ń hú jáde nígbà tó bá ń kọ ebè ni àáké òkúta dídán, èyí tí a ń pè ní ẹdùn àrá, tí àwọn olórìṣà Ṣàngó ń bọ̀wọ̀ fún. Ní Ihò Eléérú nítòsí Àkúrẹ́, níbi tí Thurstan Shaw ti walẹ̀ ní 1965, irú àáké bẹ́ẹ̀ wà nínú ìpele ilẹ̀ kan náà pẹ̀lú àpáàdì ìkòkò, èédú sì jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé nǹkan bí 3,000 ọdún ṣáájú ìbí Jésù ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í hàn níbẹ̀. Nínú àwọn tó wà lórí ojúbọ tàbí nínú àpótí àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, èyí tó pọ̀ kò ní èédú kankan tó lè jẹ́rìí fún un.

Ẹ wo Igbo-Ukwu, ní ilẹ̀ Ìgbò, bí àpẹẹrẹ ohun tí irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ lè ṣe. Ní 1938, Isaiah Anozie ń gbẹ́ kòtò omi nínú ọgbà rẹ̀, ó bá ohun èlò idẹ pàdé. Àwọn aládùúgbò mú nínú wọn lọ ṣe oògùn. Nígbà tí Shaw débẹ̀ ní 1959, ó walẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó sì kọ ibi tí ègé igi àti èédú kọ̀ọ̀kan ti jáde sílẹ̀. Àyẹ̀wò wọn tọ́ka sí nǹkan bí ọ̀rúndún kẹsàn-án lẹ́yìn ìbí Jésù. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ takò ó, Babatunde Lawal sì wà lára wọn ní 1973. Wọ́n rí ohun tí wọ́n lè jiyàn lé lórí, torí pé gbogbo rẹ̀ wà ní àkọsílẹ̀. Ìwádìí tó tẹ̀ lé e lórí bàbà náà sì fi hàn pé ilẹ̀ wa níhìn-ín ni wọ́n ti wa á.

Ní oṣù kìíní ọdún 1938 kan náà, àwọn tó ń wa ìpìlẹ̀ ilé ní agboolé Wúnmọníjẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ hú àwọn orí bàbà àti idẹ tí gbogbo ayé mọ̀ lónìí. Awalẹ̀pìtàn kankan kò sí níbẹ̀. Ó di ọdún 1970 sókè kí wọ́n tó yẹ amọ̀ tó kù sínú díẹ̀ lára àwọn ohun dídà Ifẹ̀ wò, nítorí amọ̀ tí iná ti yan máa ń tọ́jú agbára láti inú ilẹ̀, tí yóò sì tú u jáde bí ìmọ́lẹ̀ nígbà tí wọ́n bá tún yan án. Ìdáhùn rẹ̀ tọ́ka sí ọ̀rúndún kẹtàlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún. Àlàfo ńlá ni ìyẹn. Ó dùn mí pé ọjọ́ kan péré, pẹ̀lú ẹnì kan tó mọ iṣẹ́ yìí, ì bá ti dín in kù.

Nítorí náà, àgbẹ̀ Ìmínì tí ọkọ́ rẹ̀ bá kan ẹdùn àrá tàbí irin àtijọ́, kí ó má fọ̀ ọ́. Kí ó fi igi sàmì sí ojú ibẹ̀, kí ó fi fóònù ya fọ́tò rẹ̀ bó ṣe wà nínú ilẹ̀, kí ó wo bóyá èédú tàbí àpáàdì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ó sì fi wọ́n sílẹ̀ síbẹ̀. Àjọ NCMM, tó ń bójú tó ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àti ohun ìrántí ní Nàìjíríà, ni òfin ilẹ̀ wa gbé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lé lọ́wọ́. Ẹ̀ka ìmọ̀ ìwalẹ̀pìtàn sì wà ní Yunifásítì Ìbàdàn, kò sì jìnnà sí Ìmínì.