Ohun Ìṣeré Tó Ń Wá Ọwọ́ Kejì

Ẹ kò lè sọ fún ọmọ oṣù 10 pé kó fi ọwọ́ méjèèjì mú nǹkan. Àfi kí ẹ gbé ohun tí ọwọ́ kan kò lè dá ṣe síwájú rẹ̀. Iṣẹ́ àwọn occupational therapist tó ń yẹ ọwọ́ ọmọ ìkókó wò nìyẹn, pàápàá ọmọ tí cerebral palsy mú ní ẹ̀gbẹ́ kan ara.

Ọpọlọ tó ṣèṣe nínú oyún, nígbà ìbímọ tàbí láìpẹ́ sí i ló ń fa àìsàn yìí. Ọmọ náà lè máa fi ọwọ́ kan ṣoṣo mú gbogbo nǹkan, kí àwọn ará ilé máa rò pé ọlọ́wọ́ òsì ni. Ọmọ kì í sábà yan ọwọ́ kan láàyò kó tó pé ọdún kan. Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá rí èyí lára ọmọ yín, ẹ má ṣe dúró, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà.

Ní Sweden, ní Karolinska Institutet, Lena Krumlinde-Sundholm àti Ann-Christin Eliasson ṣe ìdánwò Assisting Hand Assessment. Susan Greaves láti Australia bá Krumlinde-Sundholm ṣe èyí tó wà fún ọmọ oṣù 8 sí 18, Mini-AHA, tó jáde ní 2013. Wọ́n á bá ọmọ ṣeré, wọ́n á ya fídíò rẹ̀, lẹ́yìn náà ni wọ́n á máa fún un ní máàkì. Ohun tí ọwọ́ aláìlera ń ṣe fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń wá, kì í ṣe ohun tó lè ṣe bí wọ́n bá fipá mú un.

Gbogbo rẹ̀ wá dọwọ́ ohun ìṣeré. Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ kékeré kò wúlò púpọ̀: ọwọ́ tó dáa á mì ín, èkejì á sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́, kò ní sí ohun tí fídíò máa fi hàn. Bọ́ọ̀lù ńlá á gba ọwọ́ méjèèjì lóòótọ́, àmọ́ kò sọ nǹkan kan nípa ìka. Agolo tó ní ìdérí dára jù: ọwọ́ kan gbọ́dọ̀ dì í mú kí èkejì ṣí i. Bí ìdérí náà bá le jù ńkọ́? Ọmọ á jù ú nù, líle agolo nìkan la sì rí kọ́. Ó tún gbọ́dọ̀ wu ọmọ débi pé kò ní nílò ẹni tó máa rọ̀ ọ́. Lójú tèmi, ibí yìí ni ọgbọ́n iṣẹ́ náà wà.

Oníṣègùn tó bá rí i pé ọwọ́ aláìlera ń di agolo mú, àmọ́ tí kò lè jọ̀wọ́ rẹ̀, ti mọ ohun tó máa kọ́kọ́ fún ìyá ọmọ láti máa fi bá a ṣeré nílé.