Ẹyẹ Òkun Tí Ó Ní Ilé Méjì

Ọ̀sà ńlá kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlú Àjàṣẹ́, tí a tún ń pè ní Porto-Novo. Àwọn apẹja ń wa ọkọ̀ lórí rẹ̀. Àwọn ẹyẹ omi náà ń wá ẹja níbẹ̀. Omi ọ̀sà yìí dé adágún Nokoué, adágún náà sì pàdé òkun ní Kútọnù.

Ní etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ẹyẹ òkun kan wà tí àwọn Faransé ń pè ní Sterne de Dougall. Ara rẹ̀ funfun. Orí rẹ̀ dúdú, bí ẹni pé ó dé fìlà. Ìrù rẹ̀ gùn, ó sì là sí méjì. Bí àkókò àtiyé ẹyin bá tó, àyà rẹ̀ a máa pupa rẹ́súrẹ́sú. Ẹja kékeré ni oúnjẹ rẹ̀. Bí ó bá rí ẹja láti òkè, yóò já ṣòòrò sínú omi, yóò sì fi ẹnu gbé e.

Ẹyẹ yìí kò wúwo ju ọsàn kan lọ, ṣùgbọ́n ó ní ilé méjì. Ilé kìíní ni Rockabill, erékùṣù olókùúta kan ní Írẹ́láńdì. Ibẹ̀ ni ó ti ń yé ẹyin kan tàbí méjì. Bí òtútù bá fẹ́ dé, ó máa ń fò ju kìlómítà 5,000 lọ wá sí ilé kejì, etíkun Áfíríkà. Gánà ni púpọ̀ nínú wọn máa ń wà. Etíkun Gánà yìí kan náà ló gba Tógò wá sí Bẹ̀nẹ̀. Àwọn ọmọ ẹyẹ náà máa ń lò ju ọdún kan lọ níhìn-ín kí wọ́n tó padà.

Ní nǹkan bí ọdún 1970, tọkọtaya ẹyẹ yìí ní Írẹ́láńdì àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ju 2,000 lọ. Kí ọdún 1990 tó dé, wọn kò tó 1,000 mọ́. Kí ló fà á? Àwọn ẹranko ń jẹ ẹyin àti ọmọ wọn. Ní Gánà, àwọn ọmọdé ń fi ẹja dẹ okùn fún wọn létíkun. Bí okùn bá mú ẹyẹ kan níhìn-ín, ìtẹ́ kan yóò ṣófo lọ́hùn-ún.

Ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dórí. Ní ọdún 1985, ètò kan bẹ̀rẹ̀ ní Gánà láti dáàbò bo àwọn ẹyẹ etíkun. Wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní àwọn ilé ìwé, àwọn ọmọdé sì kọ́ láti máa ṣọ́ ẹyẹ dípò kí wọ́n máa dẹ okùn fún un. Ní Rockabill, àwọn olùṣọ́ fi pákó kan àpótí kéékèèké tí ẹyẹ lè yé ẹyin sí. Lónìí, tọkọtaya ẹyẹ tó wà ní Rockabill nìkan ju 1,000 lọ.

Ọ̀sà Àjàṣẹ́ náà ṣe pàtàkì. Ní ọdún 2000, wọ́n kà á mọ́ àwọn omi tí gbogbo ayé fẹ́ dáàbò bò. Ọmọ tí kò dẹ okùn fún ẹyẹ, tí kò kó ẹyin rẹ̀, tí kò sì ju ọ̀rá sínú omi, olùṣọ́ ẹyẹ ni òun náà.

Dáhùn àwọn ìbéèrè wọ̀nyí

1. Kí ni oúnjẹ ẹyẹ yìí?
2. Níbo ni ilé rẹ̀ méjèèjì wà?
3. Kí ló mú kí ẹyẹ náà dín kù?
4. Kí ni àwọn ọmọ ilé ìwé ní Gánà ṣe?
5. Dárúkọ ẹyẹ omi kan tí o ti rí.